Ẹ̀rí tí Àyọ̀kẹ́ Jẹ́ Nípa Orí Tóbilọ́ba

Òjò ń rọ̀ sórí páànù ṣọ́ọ̀ṣì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tí Àyọ̀kẹ́ jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti wo orí ọmọ òun sàn. Ilé ìkẹ́rù ni ṣọ́ọ̀ṣì náà tẹ́lẹ̀, láàárín àwọn ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ìlú Padova, níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ akẹ́rù nìkan ló ń kọjá láàárín ọ̀sẹ̀. Bí òjò bá ti ń rọ̀ níbẹ̀, ẹni tó bá di mááìkì mú gbọ́dọ̀ gbóhùn sókè. Àyọ̀kẹ́ kì í ṣe aláriwo. Opó ni, ó ń lọ sí ọdún kejì tí ọkọ rẹ̀ ti kú, láti ìgbà náà ni kò sì ti jókòó síwájú mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó dìde láti ẹ̀yìn, ó tò sórí ìlà àwọn tó fẹ́ jẹ́rìí, nígbà tó sì kàn án, ohùn rẹ̀ bo ti òjò mọ́lẹ̀.

Ó sọ fún ìjọ pé Tóbilọ́ba, ọmọ kan ṣoṣo tí òun bí, tó ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun ní Scotland, fi orí sọ orí pẹ̀lú ọmọkùnrin mìíràn lórí pápá ní oṣù kejì ọdún. Nígbà tí wọ́n gbé e dìde, Yorùbá ló ń sọ, níbi tí kò ti sí ẹnì kan tó gbọ́ ọ. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí i. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó lọ sinmi lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Italy. Ó ní ó dé pẹ̀lú orí fífọ́, kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, aṣọ ló fi bo fèrèsé yàrá, òun sì ń fi òróró pa á lórí ní àràárọ̀ kí òun tó lọ síbi iṣẹ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló jí, tó ká aṣọ kúrò lójú fèrèsé fúnra rẹ̀, tó ní, "Màámi, orí ò fọ́ mi mọ́."

Ìjọ hó yèè. Àwọn obìnrin dìde, wọ́n ń ju ìborùn sókè. Pásítọ̀ Ọlábánjí ní kí wọ́n kọ orin ọpẹ́ kan fún Màmá Tóbi, wọ́n sì kọ ọ́ títí òjò fi dá.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ẹnikẹ́ni kì í dúró de èsì kó tó jẹ́rìí. Bí ohun rere bá ti yọjú, wọn á ní kí onítọ̀hún wá sọ ọ́ kó tó tutù, kí ọ̀tá má baà jí i gbé. Àyọ̀kẹ́ ti rí ẹni tó jẹ́rìí iṣẹ́ tí wọn kò tíì pè é sí, ó ti rí ẹni tó jẹ́rìí permesso, ìwé àṣẹ ìgbélùú, tí àwọn ọlọ́pàá kò tíì lù lóǹtẹ̀. Wọ́n ń pe ìyẹn ní ìgbàgbọ́, òun náà sì gbà bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé níléèwé míṣọ̀n tó lọ ní Ìlá, àwọn tíṣà máa ń ní kí ọmọdé rò ó dáadáa kó tó la ẹnu. Ó padà sí ìjókòó rẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó jókòó sí òpin bẹ́ǹṣì, géńdé ọkùnrin ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, èjìká rẹ̀ fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn tó ń nà án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó di etí kan pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ nítorí ariwo orin. Àyọ̀kẹ́ rí i, ó sì gbé ojú kúrò.

Hezekiah, ọkọ rẹ̀, ló gbé bọ́ọ̀lù lé ọmọ náà lórí. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin ní Brescia ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí Àyọ̀kẹ́ gbé Tóbilọ́ba wá bá a láti ilé, ọmọ náà kò sì tíì ju ọdún mẹ́rin lọ. Tó bá dé láti ibi iṣẹ́ tòun ti òórùn èéfín, á ki bọ́ọ̀lù bọ inú àpò àwọ̀n tí wọ́n fi ń ta àlùbọ́sà, á so ó mọ́ irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, á wá jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ sí àgbàlá, kó ga ju orí ọmọ lọ díẹ̀. Ọmọ á fò, á fi orí kàn án. Bí ọmọ ti ń ga, bẹ́ẹ̀ ni Hezekiah ń fa okùn sókè. "Iwájú orí ni kóo fi kàn án," á wí. "Má dijú. Ẹni tó bá dijú ló máa ń fara pa." Ìyá ará Italy tó ń gbé ìsàlẹ̀ máa ń yọjú lójú fèrèsé pé wọ́n fẹ́ wó ògiri òun, Hezekiah á sì ṣí fìlà fún un, á ní kó jọ̀ọ́, ọmọ òun ń kọ́ṣẹ́ ni.

Iṣẹ́ náà mọ́ ọn lára, àmọ́ kò sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Wọ́n ti kó wá sí Padova nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kan ní Treviso mú un. Láti ibẹ̀ ó lọ sí ẹgbẹ́ kékeré kan lẹ́bàá Udine, níbi tó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ju bó ti gbá bọ́ọ̀lù lọ, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá. Àwọn mister, bí wọ́n ti ń pe kóòṣì ní Italy, fẹ́ ẹni tí yóò fi ẹsẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù láti ẹ̀yìn jáde. Orí ló ní, kò ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó pé ọmọ ọdún méjìlélógún ni ẹnì kan tó ń bá àwọn agbábọ́ọ̀lù wá iṣẹ́ sọ fún un pé àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké wà ní Scotland tí wọn kò bèèrè ju kí ẹni tó bá dúró lẹ́yìn lè fi orí lé bọ́ọ̀lù kúrò nínú afẹ́fẹ́. Ó lọ gbá a fún sáà kan, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ.

Láti ẹgbẹ́ kan dé òmíràn, ní ìpele kẹta, ní ìpele kẹrin, àwọn ìlú kéékèèké etí òkun tí Àyọ̀kẹ́ kò lè pe orúkọ wọn. Tóbilọ́ba máa ń sọ ọ́ fún àwọn òbí rẹ̀ lórí fóònù bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù dúró lójú ọ̀run, tí òun á dúró sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Èrò tó ń wá wòran kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n. Bàbá arúgbó kan máa ń ki suwítì sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn ìdíje, bóyá wọ́n jẹ wọ́n ni o, bóyá wọ́n borí ni. Wọ́n fi í ṣe olórí ẹgbẹ́ ní ọdún kan. Hezekiah ra fóònù tuntun nítorí fídíò tí ọmọ ń fi ránṣẹ́, kò sì sí ohun mìíràn nínú fídíò náà ju kí Tóbilọ́ba fò, kó fi orí kan bọ́ọ̀lù, kó balẹ̀. Hezekiah á wò ó títí iná fóònù á fi kú. Á ní, "Orí ọmọ yìí, irin Brescia ni wọ́n fi rọ ọ́." Èéfín ilé iṣẹ́ yẹn ló bá ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jà níkẹyìn. Fóònù yẹn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó kú ní ilé ìwòsàn Padova, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí. Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé ìsìnkú, Tóbilọ́ba padà sórí pápá. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ lẹ́yìn náà pé nígbà tí òun bá fò ni òun máa ń gbọ́ ohùn Bàbá: má dijú. Kò sí ibòmíràn tí òun ti ń gbọ́ ọ.

Ìdí nìyẹn tí Àyọ̀kẹ́ kò fi lè sọ pé kó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, kódà nígbà tí ọkàn rẹ̀ ń sọ ọ́.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń wọ̀ wọ́n láṣọ, ó ń bọ́ wọn. Obìnrin kan wà níbẹ̀, Signora Pierina, tó máa ń bèèrè bóyá ọkọ òun ti gbé kẹ̀kẹ́ dé, ọkọ tó ti kú láti ìgbà tí àwọn nọ́ọ̀sì kan kò tíì dáyé. Òfin ilé náà ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ fún un pé, "O ti bi mí lẹ́ẹ̀kan." Kí ẹ dá a lóhùn bíi pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wọn, kí ojú má baà tì í. Àyọ̀kẹ́ mọ iṣẹ́ yẹn dunjú. Ó mọ bí ojú ẹni tó ti gbàgbé ṣe ń rí kó tó mọ̀ pé òun ti gbàgbé.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ẹ̀rí, ó dé láti ibi iṣẹ́, ó bá omi nínú ìkòkò tó ti gbẹ tán lórí iná, Tóbilọ́ba jókòó sí yàrá kejì, kò gbóòórùn ohunkóhun. Ọjọ́ kejì ọmọ náà bi í pé ibo ni bọ́tìnì iná ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, nínú ilé tí wọ́n ti ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti kó wá sí Padova. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín pé àwàdà ni òun ń ṣe. Àyọ̀kẹ́ bá a rẹ́rìn-ín. Lálẹ́ ó gbìyànjú láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìwòsàn, ọ̀rọ̀ náà kò jáde.

Ní oṣù karùn-ún, ẹgbẹ́ kan ní ìtòsí Torino ránṣẹ́ sí Tóbilọ́ba pé wọ́n ń wá ẹni tó máa dúró lẹ́yìn. Inú rẹ̀ dùn, torí ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ní Italy kò wá a. Ṣùgbọ́n ní Italy, agbábọ́ọ̀lù kò lè dé orí pápá láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i pé ara rẹ̀ pé. Idoneità ni wọ́n ń pè é. Àyọ̀kẹ́ gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, ó tẹ̀ lé e lọ. Nígbà tí tírénì dúró ní Brescia, àwọn méjèèjì wo ìta, wọ́n ń wá ṣíméènì ilé iṣẹ́ Hezekiah láàárín àwọn ṣíméènì yòókù, Tóbilọ́ba sì fi ìka hàn án pé òun nìyẹn. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Milano nígbà tó yíjú sí i pé kó jọ̀ọ́, tí wọ́n bá dé Brescia kó jí òun, òun fẹ́ wo ibi iṣẹ́ Bàbá.

"Màá jí ẹ," ni Àyọ̀kẹ́ wí.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Torino jẹ́ obìnrin tó ti ń hewú, ohùn rẹ̀ kò le. Wọ́n ti gbé orí Tóbilọ́ba sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ. Ó ka àwọn ọ̀rọ̀ kan fún un, ó bá a sọ̀rọ̀ Scotland àti òjò ibẹ̀, lẹ́yìn náà ló ní kó ka àwọn ọ̀rọ̀ yẹn padà. Tóbilọ́ba rántí àwọn kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rántí àwọn kan. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun kò mọ̀wé rí láti kékeré. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò lè fọwọ́ sí i, kì í ṣe fún sáà yìí, kì í ṣe fún èyí tó ń bọ̀. Ìgbà tó rí i pé ọmọ náà ti ń wo ìlẹ̀kùn ló kọjú sí ìyá. Ó ní bí nǹkan bá tún gbá orí yìí, ó lè má dìde. Ó fi kún un. "Ó sì lè dìde, signora, kó má mọ̀ yín."

Ọ̀dọ̀ Ojúọlá ni wọ́n yà sí. Ọ̀rẹ́ Àyọ̀kẹ́ ni láti ilé, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ọjà Porta Palazzo, tó ń ta gààrí, ẹ̀gúsí, ẹja gbígbẹ àti irun, tó tún ń bá àwọn èèyàn fi owó ránṣẹ́ sílé. Ojúọlá gba Tóbilọ́ba mọ́ra, ó wò ó sókè sódò, ó ní, "Orí tó tóbi báyìí, ṣé àwòrán wọn gbà á tán ṣá?" Tóbilọ́ba rẹ́rìn-ín dénú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn oníbàárà jáde tán, ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú wọn. Kóòṣì rẹ̀ ní Scotland ti fi ohùn ránṣẹ́ pé kó padà wá ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, pé ẹ̀yìn ẹgbẹ́ àwọn ṣófo. Tóbilọ́ba ní lọ́hùn-ún wọn kò ní yẹ òun wò tó báyìí. Ẹnì kan á ní kí òun fi ojú tẹ̀ lé ìka, á bi òun bóyá orí ń fọ́ òun, òun sì mọ ohun tí òun máa fèsì.

"Dókítà ní o kò gbọ́dọ̀ lọ," Àyọ̀kẹ́ wí.

"Dókítà wo, Màámi? Ẹ̀yin lẹ dúró níwájú gbogbo ìjọ tẹ́ ẹ ní Ọlọ́run ti wò mí sàn. Àbí irọ́ ni?"

"Mi ò parọ́."

"Ó dáa. Mo ti sàn nìyẹn. Ẹni tó bá ti sàn, ibi iṣẹ́ ló ń lọ."

Ojúọlá gbé agolo tó ń tò sílẹ̀. "Tóbi, ìyá ẹ lò ń bá sọ̀rọ̀ yẹn."

"Mo mọ̀, mà. Mi ò rí wọn fín. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni mò ń sọ padà fún wọn."

Àyọ̀kẹ́ jókòó sórí àpò ìrẹsì, ó ń fi ọwọ́ yí òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ po. Ohun tó dà bí ọpẹ́ lọ́jọ́ òjò yẹn ti di ilẹ̀kùn tí òun fúnra rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ gba ibẹ̀ jáde lọ síbi tí orí rẹ̀ á ti fọ́.

Nígbà tí wọ́n padà dé Padova, ó lọ sí ilé Pásítọ̀ Ọlábánjí. Ibi ìkó-ẹrù ni Pásítọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, bàtà iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà tó jókòó tì í. Ó gbọ́ ọ tán kó tó la ẹnu. Ó ní ìjọ ti ń múra láti gbàdúrà fún Tóbilọ́ba lọ́jọ́ Ìsinmi kí ó tó padà lọ, pé wọn á fi òróró pa á lórí àti lẹ́sẹ̀. Àyọ̀kẹ́ bi í bóyá òun lè gba ẹ̀rí òun padà. Pásítọ̀ ronú púpọ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run, òun kò rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó dárúkọ àwọn ọ̀dọ́ inú ìjọ tí permesso wọn kò tíì jáde, tó jẹ́ pé ẹ̀rí àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n fi ń jí láàárọ̀. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ẹ̀rí lè yí padà, kí ni wọ́n máa dì mú? Ó ní kó lọ fi ọkàn balẹ̀, kó máa gbàgbọ́ nìṣó. Ṣùgbọ́n nígbà tó sìn ín dé àtẹ̀gùn, ó rọra ní, "Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí ń ba èmi náà, Màmá Tóbi." Àyọ̀kẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn ju fún gbogbo ìyókù lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, oòrùn mú, páànù ṣọ́ọ̀ṣì ń ta bí ìgbà tí wọ́n ń yan nǹkan. Tóbilọ́ba wọ kóòtù baba rẹ̀, ó fún un díẹ̀ léjìká. Wọ́n pè é síwájú, ó kúnlẹ̀. Ẹni tó ń tẹ dùùrù ń tẹ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ọ̀rọ̀. Pásítọ̀ Ọlábánjí ṣí ìgò òróró, ó ní kí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ wá fi ọ̀rọ̀ sìn ín, torí ìyá ló jẹ́rìí rẹ̀. Àyọ̀kẹ́ rìn láti ẹ̀yìn dé iwájú. Wọ́n fún un ní mááìkì. Ó dúró lókè orí ọmọ rẹ̀, ó rí àpá tó wà nínú irun, àwọn ti Treviso, àwọn ti Udine, àti èyí tó ṣì pupa, ti Scotland.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà," ó wí, "ẹ má tíì da òróró yẹn sí i lórí."

Ìjọ rò pé àdúrà ló fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ṣe àmín.

"Mo dúró síbí lọ́jọ́ òjò yẹn, mo ní orí ọmọ mi ti sàn. Kò tíì sàn. Ó sọ fún mi pé orí ò fọ́ òun mọ́, mo sì ja ọ̀rọ̀ yẹn gbà lẹ́nu ẹ̀ bí ẹni tí ebi ń pa, mo gbé e wá fún yín kí n tó wo ojú ẹ̀ dáadáa. Ọlọ́run ò parọ́. Èmi ni mo sáré. Ẹ jọ̀ọ́, mo gba ẹ̀rí mi padà. Ọmọ mi ń gbàgbé nǹkan. Tó bá tún fi orí yìí kan bọ́ọ̀lù, ó lè má mọ̀ mí mọ́. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má lọ."

Ọwọ́ ẹni tó ń tẹ dùùrù dúró. Kò sí ẹni tó ṣe àmín. Obìnrin kan ní iwájú wo ilẹ̀. Òun ló jẹ́rìí oyún lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò sì tíì lọ rí dókítà. Ẹnì kan lẹ́yìn ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé kí ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá, ẹ má fi ẹnu yín sọ bẹ́ẹ̀. Pásítọ̀ Ọlábánjí di ìgò mú ní ọwọ́ kan, ìdérí ní ọwọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ló dé ìgò náà pa, ó kúnlẹ̀ ti Tóbilọ́ba, kò sì sọ nǹkan kan sínú mááìkì.

Tóbilọ́ba kò gbé orí sókè. Àyọ̀kẹ́ fẹ́ fi ọwọ́ kàn án, ó fa ọwọ́ náà sẹ́yìn. Tóbilọ́ba dìde, ó tún bọ́tìnì kóòtù de, ó gba àárín ìjọ kọjá bí ẹni tí wọ́n lé kúrò lórí pápá, ó sì jáde.

Àyọ̀kẹ́ bá a ní ibùdókọ̀, níwájú géètì ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n tì nítorí ọjọ́ Ìsinmi. Gbogbo òpópónà dá páropáro. Tóbilọ́ba bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, láìwò ó, pé bọ́ọ̀sì wo ni wọ́n ń wọ̀. Àyọ̀kẹ́ dá a lóhùn. Ó jókòó tì í sórí kọnkéré tó gbóná. Èdè Italy ni Tóbilọ́ba kọ́kọ́ fi sọ̀rọ̀, kíákíá, bó ti máa ń sọ̀rọ̀ ní kékeré tí wọ́n bá nà án. Ó ní ìyá òun ti ba òun jẹ́. Ó ní kò sí ohun mìíràn tí òun mọ̀ ọ́n ṣe láyé, kí ni òun fẹ́ lọ máa ṣe, ṣé kí òun máa gbé páálí láàárín ilé ìkẹ́rù ni, kí òun máa dákẹ́ síbẹ̀? Lẹ́yìn náà ló wá sọ Yorùbá.

"Bàbá mi ò ní ṣe irú ẹ̀ sí mi."

Ìyẹn dun Àyọ̀kẹ́ ju ìyókù lọ, torí pé òun náà ti ń rò ó láti àárọ̀. Ó rántí bọ́ọ̀lù inú àwọ̀n àlùbọ́sà. Ó rántí ọwọ́ Hezekiah lórí okùn, bó ti ń fà á sókè, tó ń fà á sókè.

"Bàbá ẹ ló ní kóo má dijú," ó wí. "Mò ń bẹ̀ ẹ́, Tóbi. Má dijú."

Fóònù Tóbilọ́ba dún nínú àpò kóòtù. Ó mú un jáde, nọ́ńbà Scotland ni. Àyọ̀kẹ́ rí i pé nọ́ńbà Scotland ni, kò sì na ọwọ́ sí i. Fóònù ń dún. Tóbilọ́ba ń wò ó bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù tó ń ti òkè bọ̀ nínú afẹ́fẹ́, tí kò tíì mọ ibi tó máa balẹ̀ sí. Ó dún títí ó fi dákẹ́. Ó dá a padà sínú àpò. Kò sọ pé òun á lọ, kò sọ pé òun kò ní lọ, Àyọ̀kẹ́ kò sì bi í. Láti inú ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbọ́ tí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ orin, ohùn kan ṣoṣo, láìsí dùùrù. Ó gbìyànjú láti mọ orin wo ni. Kò mọ̀ ọ́n.

Oòrùn ti yí sí ojú wọn. Tóbilọ́ba fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, ó wo òpópónà lọ, ó wo òpópónà bọ̀. Ìbínú ti kúrò ní ojú rẹ̀. Ohun tó kù níbẹ̀, Àyọ̀kẹ́ mọ̀ ọ́n. Ó ń rí i lójoojúmọ́ níbi iṣẹ́.

"Màámi," ó wí jẹ́jẹ́, "bọ́ọ̀sì wo là ń wọ̀?"

Àyọ̀kẹ́ yíjú sí i, ó fara balẹ̀, ó sì sọ orúkọ bọ́ọ̀sì náà fún un bíi pé kò tíì bi òun rí.